Aṣọ Ìròde Ni Bẹ́líìtì Ọrùn Ajá

Ọ̀rọ̀ ajá ni mo gbé wá lónìí, ohun tí à ń so mọ́ ọn lọ́rùn gan-an.

A ní ajá kan nílé tó ń jẹ́ Bíńgò. Mo mọ̀ pé ajá tó ń jẹ́ Bíńgò ní Ìbàdàn ò lóǹkà, ṣùgbọ́n tiwa ni mò ń sọ. Lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé kan, mo ń fọṣọ lọ́wọ́ nígbà tí mo gbọ́ tí ṣéènì ẹ̀ ń dún lára fẹ́ǹsì. Mi ò kà á sí. Ajá tí wọ́n so mọ́lẹ̀, ṣé kò ní fa ṣéènì ni? Ìgbà tí ariwo yẹn dákẹ́ lójijì ni àyà mi já. Kí n tó débẹ̀, Bíńgò ti fo fẹ́ǹsì, ṣéènì ò sì gùn tó láti gbé e délẹ̀ lódì kejì. Ó ń rọ̀ dirodiro, ẹsẹ̀ ẹ̀ ò kan ilẹ̀, ahọ́n ẹ̀ ti ń dà bí aró. Àbúrò mi sáré gba ojúlé kejì lọ gbé e sókè, èmi náà tú ṣéènì nínú lọ́hùn-ún. Ó mí. Àmọ́ ohun tó ń dùn mí títí dòní ni pé èmi ni mo so ó síbẹ̀, nítorí pé òjìji wà lábẹ́ fẹ́ǹsì.

Èrò mi rèé: aṣọ ìròde ni bẹ́líìtì ọrùn jẹ́ fún ajá. Tó bá ti wọlé, ẹ bọ́ ọ.

Ẹ fọwọ́ kan iwájú ọrùn ara yín, nísàlẹ̀ gògóńgò. Ohun tó le díẹ̀, tó rí bí òrùka òrùka yẹn, ọ̀nà èémí ni. Ajá náà ní irú ẹ̀. Egungun rírọ̀, irú èyí tó wà nínú etí wa, ni àwọn òrùka náà, wọn ò sì yí po tán. Lẹ́tà C ni wọ́n jọ, ẹran ló dí ẹ̀yìn wọn. Àwọn ló ń jẹ́ kí ọ̀nà èémí ṣí sílẹ̀ nígbà gbogbo, ṣùgbọ́n agbára wọn níbi tó mọ. Tí okùn bá fún un jù, wọ́n á tẹ̀ wọnú.

Kì í sì í ṣe afẹ́fẹ́ nìkan ló ń gba ọrùn kọjá. Iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí ọpọlọ wà níbẹ̀, èyí tó ń dá a padà sí ọkàn náà wà níbẹ̀. Èyí tó ń dá a padà yìí rọ̀ ju ìkejì lọ, òun ló máa ń kọ́kọ́ dí. Ẹ̀jẹ̀ á máa wọ orí, kò ní rọ́nà jáde, ajá lè dákú kí ẹ tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ẹ má retí pé á ké o. Afẹ́fẹ́ ni ajá fi ń gbó. Èyí tí afẹ́fẹ́ ò jáde lọ́fun ẹ̀, kí ló fẹ́ fi pariwo? Ìdí tí Bíńgò fi dákẹ́ nìyẹn.

Àwọn kan á ní ṣéènì irin ló burú, pé bẹ́líìtì aláwọ fífẹ̀ ò lè ṣe nǹkan kan. Ó sàn díẹ̀ lóòótọ́. Àmọ́ àwọn olùwádìí ní Nottingham Trent University nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe ọrùn àtọwọ́dá kan, wọ́n ń fa oríṣiríṣi bẹ́líìtì lára ẹ̀, wọ́n sì ń wọn bó ṣe ń tẹ̀ ẹ́ tó. Èsì tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2020 ni pé kò sí ọ̀kankan nínú wọn tí wọ́n lè fọwọ́ sọ̀yà pé kò lè ṣe ọrùn léṣe tí ajá bá ń fà á. Ìwádìí mìíràn ní 2006 fi hàn pé ìfúnpá inú ẹyinjú ajá máa ń ga tó bá ń fi ọrùn fa okùn, ṣùgbọ́n kì í rí bẹ́ẹ̀ tó bá jẹ́ okùn àyà, tí wọ́n ń pè ní harness. Òun lèmi náà fi ń mú Bíńgò rìn báyìí.

Nílé ńkọ́? Bẹ́líìtì lè há sí irin kéèjì nígbà tí ajá bá ń yọrí. Ajá méjì lè máa ṣeré, kí àgbọ̀n ọ̀kan kọ́ bẹ́líìtì èkejì. Ẹ̀rù á bà wọ́n, wọ́n á máa yí, bí wọ́n ṣe ń yí ló ń fún. Tó bá ṣẹlẹ̀, ẹ má fà wọ́n ya o! Ẹ tì wọ́n súnmọ́ra kí bẹ́líìtì lè dẹ̀, kí ẹ wá tú u tàbí kí ẹ gé e. Èyí tó tiẹ̀ ń bí mi nínú jù ni ti ọmọ ajá tí wọ́n so wáyà iná mọ́ lọ́rùn ní ọmọ oṣù méjì, tí wọ́n gbàgbé ẹ̀ síbẹ̀. Ọrùn ń dàgbà, wáyà ò dàgbà. Ìgbà tí egbò bá ń rùn ni wọ́n á tó ṣí irun ẹ̀ wò. Ìka méjì gbọ́dọ̀ lè wọ abẹ́ bẹ́líìtì wọ́ọ́rọ́wọ́, ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni kí ẹ sì máa yẹ ti ọmọ ajá wò.

Bàbá kan ládùúgbò wa sọ fún mi pé, "Ìwọ ọmọ yìí, ajá tí ò ní nǹkan lọ́rùn, ajá ìgboro ni wọ́n á pè é. Wọ́n á gbé e, wọ́n á sè é jẹ." Òótọ́ ni bàbá sọ, mi ò lè bá wọn jiyàn. Tí ọgbà yín ò bá ní géètì, ẹ wá irú bẹ́líìtì tó máa ń já fúnra ẹ̀ tó bá há, kí ẹ kọ nọ́ńbà fóònù yín sí i. Ẹ má kàn fi so ó mọ́lẹ̀, torí já náà ló máa já. Tó bá sì di dandan kí ẹ so ajá, ibi tí ṣéènì ò ti ní dé fẹ́ǹsì, àtẹ̀gùn tàbí irin fàráńdà ni kí ẹ so ó sí. Èyí tó máa ń fún pọ̀ fúnra ẹ̀ tí ajá bá fà á, ẹ má fi so ajá kankan mọ́lẹ̀ láé.

Bẹ́líìtì Bíńgò wà lórí ìṣó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn báyìí, òun àti okùn àyà ẹ̀. Tó bá ti gbọ́ tí mo fọwọ́ kàn án, á ti dìde, á máa jùrù.