Ọ̀kadà Tó Ń Kú Nígbà Tí Ẹ́ńjìnnì Bá Gbóná

Ọ̀kadà tó ń tan kíá láàárọ̀, tó ń sáré dáadáa, tó wá ń kú lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnnì bá ti gbóná, àìsàn tó mọ ibi fara pa mọ́ sí ló ń ṣe é. Tó bá sinmi díẹ̀ lábẹ́ igi, yóò tún tan bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣe é rí. Ní Èjìgbò, ọ̀kadà ló ń kó àgbẹ̀ dé oko àti akẹ́kọ̀ọ́ dé ọgbà Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Èyí tó bá kú lójú ọ̀nà Ìwó tàbí Ògbómọ̀ṣọ́ ti ba owó ọjọ́ náà jẹ́ nìyẹn.

Ohun tó ń mú àyẹ̀wò nira ni pé títì ni wọ́n ń tì í dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì, yóò sì ti tutù kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án. Ìméfò ló kù. Wọ́n á pààrọ̀ kábúrétọ̀ lónìí, kọ́ìlì lọ́la, àìsàn náà á sì wà níbẹ̀ síbẹ̀. Ibi tó kú sí gan-an, nígbà tó ṣì gbóná, ló yẹ kí àyẹ̀wò ti bẹ̀rẹ̀.

Bó ṣe kú ni kí wọ́n kọ́kọ́ wò. Tó bá ń wúkọ́, tí agbára rẹ̀ ń dín kù díẹ̀díẹ̀, epo ni kò dé ibi tó yẹ. Tó bá kú lójijì bí iná tí wọ́n pa, iná plọ́ọ̀gì ni kí wọ́n fura sí.

Ìdérí tánkì ni àkọ́kọ́, nítorí kò náni ní kọ́bọ̀. Ihò kékeré kan wà lára rẹ̀ tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé bí epo ṣe ń lọ sílẹ̀. Tí eruku bá dí i, tàbí tí wọ́n fi ọ̀rá wé e nítorí òjò, epo kò ní sọ̀kalẹ̀ mọ́. Ní irú èyí, ooru kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Àkókò tí epo fi ń dáwọ́ dúró ló kàn bá ti ooru mu. Tí wọ́n bá ṣí ìdérí náà, tí afẹ́fẹ́ sì dún wọlé, tí ọ̀kadà tan lójú ẹsẹ̀, ọ̀rọ̀ parí.

Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, kí wọ́n fi aṣọ bo ọwọ́, kí wọ́n fi sípánà yọ plọ́ọ̀gì, kí wọ́n fi plọ́ọ̀gì mìíràn tó dára sẹ́nu wáyà, kí ara rẹ̀ kan irin ẹ́ńjìnnì níbi tó jìnnà sí epo àti sí ihò plọ́ọ̀gì, kí wọ́n wá ta kíìkì. Bí iná kò bá ṣẹ́, tàbí tó pọ́n tí kò lágbára, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé kọ́ìlì tàbí CDI, àpótí kékeré tó ń darí iná plọ́ọ̀gì, ló ń dákú nínú ooru. Wáyà inú kọ́ìlì lè já nígbà tó bá gbóná, kó sì tún kanra nígbà tó bá tutù. Ìdí nìyí tí rewáyà, oníṣẹ́ iná ọkọ̀, fi gbọ́dọ̀ wọn kọ́ìlì náà ní gbígbóná.

Tí iná bá wà, tí epo wà, ṣùgbọ́n tí kíìkì fúyẹ́ lẹ́sẹ̀, fáàfù ni kí wọ́n kọ́kọ́ fura sí. Irin máa ń gùn sí i nínú ooru, nítorí náà ni wọ́n ṣe ń fi àlàfo díẹ̀ sílẹ̀ lórí fáàfù. Lára Honda CG125, tí ọ̀pọ̀ ọ̀kadà Ṣáínà fi ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣe àwòkọ́ṣe, àlàfo náà jẹ́ mìlímítà 0.08, ní tútù ni wọ́n sì ń wọ̀n ọ́n. Àṣà burúkú ni kí wọ́n máa fún fáàfù pinpin kí ariwo rẹ̀ lè dákẹ́: fáàfù tí kò pariwo rárá lè má padé mọ́ bó bá gbóná.

Kí wọ́n tún wo plọ́ọ̀gì tí wọ́n yọ: èyí tó dúdú bí èédú fi hàn pé epo pọ̀ jù, bóyá ṣóòkù ni wọ́n gbàgbé. Èyí tó funfun lè fi hàn pé afẹ́fẹ́ ń yọ́ wọlé níbi rọ́bà kábúrétọ̀. Bí kíìkì bá sì le tí kò lọ sílẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má fipá mú un; kí wọ́n jẹ́ kó tutù, kí wọ́n wo ọ́ìlì, kí wọ́n sì fọ ẹrẹ̀ tó bo irin tó ń mú ẹ́ńjìnnì tutù.

Kí ẹni tó ni ọ̀kadà ní kí mẹkáníìkì gùn ún títí yóò fi kú, kó sì mú sípánà àti plọ́ọ̀gì tó dára dání. Kí ẹni tó ni ín sanwó àkókò yẹn fún mẹkáníìkì náà tayọ̀tayọ̀, kó tó ra ẹ̀yà kankan.