Àwọn tó wà nínú bàálù ló nìtàn

Lọ́jọ́ 25, oṣù Ọ̀wàrà, ọdún 1993, bàálù Nigeria Airways kan gbéra l'Ékòó, Àbújá ló ń lọ. Kò débẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin mẹ́rin já a gbà lójú òfuurufú. Wọ́n ní ìbò ààrẹ ti June 12 ọdún náà tí ìjọba ológun fagi lé ló ń dun àwọn, àfi kí ìjọba fìdíhẹ Ernest Shonekan kógbá wọlé. Jámánì ni wọ́n fẹ́ kí bàálù náà gbé àwọn lọ, ṣùgbọ́n epo inú rẹ̀ kò lè gbé e débẹ̀, ló bá balẹ̀ sí Niamey, olú ìlú orílẹ̀-èdè Niger. Rong Yiren, igbákejì ààrẹ ilẹ̀ Ṣáínà nígbà náà, wà lára èrò. Wọ́n tú ọ̀pọ̀ èrò sílẹ̀, wọ́n dá àwọn yòókù dúró. Lẹ́yìn ọjọ́ bíi mélòó kan, àwọn agbófinró Niger já wọ inú bàálù náà lóru. Òṣìṣẹ́ inú bàálù kan bá ìṣẹ̀lẹ̀ náà lọ.

Ọdún kọkànlélọ́gbọ̀n gééré lẹ́yìn náà, lọ́jọ́ 25, oṣù Ọ̀wàrà, ọdún 2024, fíìmù *Hijack '93* tí Robert Peters darí jáde lórí Netflix. Inú wa dùn pé ọmọ Nàìjíríà ló ṣe é. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí wọn kò tíì bí lọ́dún 1993 ni kò gbọ́ ohun tó jọ ọ́ rí, ilé ìwé wọn kò sì fi kọ́ wọn. Ṣùgbọ́n lójú tiwa, fíìmù náà kù díẹ̀ káàtó níbi tí kò yẹ kó ti kù. Ẹni tí kò mọ June 12 tẹ́lẹ̀ yóò wò ó tán láì fi bẹ́ẹ̀ mọ ìdí tí ọmọ ènìyàn fi lè gbé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lé ẹ̀mí ara rẹ̀ àti ti ẹlòmíì. A kò sọ pé ohun tí wọ́n ṣe dára. Ẹ̀mí sọnù nídìí rẹ̀. Ohun tí à ń sọ ni pé bí wọ́n bá yọ ìdí ọ̀rọ̀ kúrò nínú ọ̀rọ̀, ìbọn àti ariwo nìkan ló kù fún olùwòran.

Eré ni eré ń jẹ́, a mọ̀. Kò sẹ́ni tó lè kó ọjọ́ mẹ́ta gbáko sínú wákàtí kan ààbọ̀ láì gé nǹkan kúrò. Kí wọ́n pa ènìyàn méjì pọ̀ di ẹyọ kan, a ò bá wọn jà. Ṣùgbọ́n kí wọ́n gbé ẹ̀ṣẹ̀ lé ẹni tí kò ṣẹ̀ lórí, ìyẹn kì í ṣe eré mọ́.

Ẹ wo *Sully*, tí Clint Eastwood darí lọ́dún 2016. Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2009, ẹyẹ ńláńlá kó sínú ẹ́ńjìnnì méjèèjì bàálù kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéra ní New York. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá 208, ọ̀gá awakọ̀ rẹ̀, Chesley Sullenberger, ti gbé e balẹ̀ sórí odò Hudson. Omi ń wọlé, ó rin àárín àga já lẹ́ẹ̀mejì láti rí i pé kò sẹ́nì kankan tó kù lẹ́yìn kí òun tó jáde. Gbogbo àwọn 155 tó wà níbẹ̀ ló yè. Ìtàn yìí tó ìtàn. Síbẹ̀ àwọn tó ṣe fíìmù náà wá ọ̀tá fún un, wọ́n sì fi àwọn olùwádìí NTSB, àjọ tó ń wádìí ìjàǹbá ọkọ̀ ní Amẹ́ríkà, ṣe ọ̀tá ọ̀hún, bí ẹni tó ti pinnu láti ba ọkùnrin náà lórúkọ jẹ́. Nínú fíìmù, àfi ìgbà tí Sullenberger bá wọn jiyàn ni wọ́n tó gbà pé ó yẹ kí wọ́n fi àkókò tí ènìyàn fi ń ronú kún ìdánwò orí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wò ó bóyá bàálù náà ìbá ti lè padà sí pápákọ̀. Bẹ́ẹ̀, àwọn olùwádìí náà fúnra wọn ló fi ìṣẹ́jú àáyá 35 kún un, tí wọ́n sì rí i pé bàálù náà kì bá tí padà dé pápákọ̀. Ìwádìí wọn gbè é lẹ́sẹ̀. Tom Hanks tó ṣe Sullenberger nínú fíìmù náà sọ pé Sullenberger alára ló ní kí wọ́n má lo orúkọ àwọn olùwádìí náà gan-an. Ọmọlúàbí ni.

Ìdàkejì ni *United 93*, fíìmù Paul Greengrass lọ́dún 2006 nípa bàálù kan lára mẹ́rin tí wọ́n já gbà lọ́jọ́ 11, oṣù Ọ̀wẹwẹ̀, ọdún 2001. Àwọn tó ṣe é tọ àwọn ẹbí olóògbé lọ. Ben Sliney, ọ̀gá tó pàṣẹ kí gbogbo bàálù Amẹ́ríkà balẹ̀ lọ́jọ́ náà, ló ṣe ara rẹ̀ nínú eré náà. Lẹ́nu oníkàn la ti ń gbọ́ pọ̀ún.

A ń sọ èyí torí pé ìtàn ṣì pọ̀ nílẹ̀ wa tí ẹnìkan yóò fẹ́ fi ṣe fíìmù lọ́la. Bàálù Bellview tó já sí abúlé Lísà ní ìpínlẹ̀ Ògùn lọ́dún 2005, ènìyàn 117, kò sẹ́ni tó yè. Oṣù méjì kò pé lẹ́yìn rẹ̀ tí Sosoliso já ní Port Harcourt, tó pa ọgọ́ta ọmọ ilé ìwé Loyola Jesuit tí wọ́n ń lọ lo ìsinmi Kérésìmesì nílé. Dana já lé àwọn ènìyàn lórí ní Ìjù-Ìshàgá lọ́dún 2012. Àwọn òbí ọmọ wọ̀nyí ṣì wà láyé, wọ́n ní tẹlifíṣọ̀n nílé.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe fíìmù, kí ẹ tó kọ ìlà àkọ́kọ́ ni kí ẹ tọ àwọn ẹbí lọ, kì í ṣe ìgbà tí ẹ bá ń lẹ pátákó ìpolówó. Ẹ ka àbọ̀ ìwádìí NSIB, àjọ tó ń wádìí ìjàǹbá bàálù nílẹ̀ wa. Ohun tí ẹ bá yí padà, ẹ kọ ọ́ sí ojú fíìmù kedere.

Ẹ̀yin tí ẹ wà nínú bàálù ọdún 1993 náà ńkọ́? Ẹni tó jẹ́ ẹni ogójì ọdún nígbà náà ti lé láàádọ́rin báyìí. Ẹ má dúró de olówó fíìmù. Ẹ pe ọmọ yín kan jókòó, kó tan fóònù, kó gba ohùn yín sílẹ̀.