Ẹ Yọ Áàpù Náà Kúrò fún Oṣù Kan

Bí ènìyàn bá sọ lónìí pé òun fẹ́ fi Facebook àti Instagram sílẹ̀ fún oṣù kan kí ọkàn òun lè balẹ̀, ojú ẹni tí nǹkan ń ṣe la fi máa ń wò ó. Àwọn kan á ní ìgbéraga ni, àwọn mìíràn á ní gbèsè ló ń sá fún. Èmi kò gbà. Orí onítọ̀hún pé ju ti àwọn tó ń bú u lọ, ó sì yẹ kí ọ̀pọ̀ nínú wa ṣe bẹ́ẹ̀ kí oṣù yìí tó parí.

Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ fún mi pé ẹni tó bá gbọ́n á mọ ìwọ̀n ara rẹ̀. Wọn ò ṣe nǹkan yìí kó níwọ̀n. Lọ́dún 2006 ni Aza Raskin dá ọgbọ́n tó mú kí ojú ìwé má lópin mọ́: bí o ṣe ń fà á sókè ni òmíràn ń yọ. Lọ́dún 2017, Sean Parker, ààrẹ àkọ́kọ́ ilé iṣẹ́ Facebook, là á mọ́lẹ̀ ní gbangba pé bí àwọn ṣe máa gba àkókò àti àkíyèsí ènìyàn débi tó bá lè dé làwọn ń rò nígbà tí àwọn ń kọ́ ọ.

Ẹ wo olùkọ́bìnrin kan n'Íbàdàn tí owó oṣù rẹ̀ kò tíì wọlé. Ó ti dùbúlẹ̀, wọ́n ti mú iná lọ, ìmọ́lẹ̀ fóònù nìkan ló wà lójú rẹ̀. Ẹni tí wọ́n jọ kàwé dúró sínú yìnyín ní Kánádà, ó wọ kóòtù pupa, ó ń rẹ́rìn-ín. Olùkọ́ náà fi àtàǹpàkò fà á sókè: ọ̀rẹ́ mìíràn ń ṣílé. Ó tún fà á: aṣọ ẹbí, owó níná. Kò sẹ́ni tó gbé fọ́tò iṣẹ́ òru tó ń ṣe nílé ìtọ́jú arúgbó síbẹ̀. Nígbà tó bá fi máa di aago méjì òru, obìnrin tó ń fi òógùn ojú rẹ̀ jẹun ti gbà pé ayé òun ti bàjẹ́. Èyí ló ń bí mi nínú jù.

Lọ́dún 2018, àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé kan ní Amẹ́ríkà sanwó fún àwọn ènìyàn kí wọ́n ti Facebook wọn pa fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Nǹkan bí wákàtí kan lójúmọ́ ló padà sọ́wọ́ wọn. Lóòótọ́, ìròyìn tí wọ́n gbọ́ dínkù, ìdùnnú tó kún tiwọn kò sì pọ̀ rẹpẹtẹ. Ṣùgbọ́n ó kún, ọ̀pọ̀ wọn kò sì lò ó tó ti tẹ́lẹ̀ mọ́ nígbà tí wọ́n padà.

Oníṣòwò á ní ṣé kí ebi pa ọmọ òun ni? Rárá o. Kó gbé ọjà rẹ̀ síbẹ̀, kó dá oníbàárà lóhùn, kó jáde. Ẹni tó ní ẹbí ní Lọ́ńdọ̀nù, kó pè wọ́n, kó gbọ́ ohùn wọn.

N kò sì sọ pé kí ìjọba bá wa tì í. Èyí tí ìjọba Nàìjíríà ṣe fún Twitter láti oṣù Kẹfà 2021 di oṣù Kínní 2022, ìpanilẹ́numọ́ ni, kì í ṣe ìsinmi. Ilé ẹjọ́ ECOWAS náà sì ní kò bófin mu. Ọwọ́ ara ẹni ni kí ènìyàn fi yọ ọ́. Ẹ yọ ọ́ lálẹ́ òní, ẹ má sì kéde rẹ̀ kí ẹ tó lọ, torí ẹni tó bá kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun ń lọ á padà wá wo iye àwọn tó dá òun lóhùn.