Ṣé Ẹ̀kọ́ Òwò Ilẹ̀ Tí Wọ́n Ń Tà Fún Wa Tó Owó Rẹ̀?

Ẹni tó bá ń gba Ibafo lọ sí Mowe, tàbí tó ń gba Ifo lọ sí Abẹ́òkúta, yóò rí i pé pátákó ìpolówó ilẹ̀ ti fẹ́ pọ̀ ju pátákó ṣọ́ọ̀ṣì lọ, bẹ́ẹ̀ ẹ sì mọ iye ṣọ́ọ̀ṣì tó wà lọ́dọ̀ wa. Ní báyìí, kì í ṣe ilẹ̀ nìkan ni wọ́n ń tà. Wọ́n ń ta ẹ̀kọ́ nípa ilẹ̀ pẹ̀lú. Ẹnìkan yóò wọ kóòtù, yóò fara ti mọ́tò ńlá, yóò ní kí a wá sí sẹminá ọjọ́ mẹ́ta kí òun lè fi ọ̀nà tí òun gbà di olówó hàn wá. Ọ̀pọ̀ nínú yín ló ti bi mí pé, "Pásítọ̀, ṣé kí n san owó yìí?" Ẹ jẹ́ kí n dá gbogbo yín lóhùn lẹ́ẹ̀kan náà.

Kí n tó dá ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́, ó yẹ kí n jẹ́wọ́ tèmi. Ní ọdún 2019, mo gba ọ̀kan nínú irú àwọn olùkọ́ bẹ́ẹ̀ láàyè láti bá ìjọ sọ̀rọ̀ fún ogún ìṣẹ́jú lẹ́yìn ìsìn. Ó sọ̀rọ̀ dáadáa, ó ka Bíbélì, àwọn ènìyàn ṣe àmín. Lẹ́yìn náà ó fà mí sẹ́yìn, ó ní gbogbo pulọ́ọ̀tì tí ọmọ ìjọ bá rà, ìdá mẹ́wàá owó rẹ̀ tèmi ni. Mo kọ owó náà, mo sì rò pé kíkọ̀ tí mo kọ̀ ọ́ ti tó láti fọ ọwọ́ mi mọ́. Kò tó. Ìyá kan nínú wa, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, san ₦35,000 fún ẹ̀kọ́ náà. Ní ọjọ́ kẹta ẹ̀kọ́, wọ́n kó wọn lọ wo ilẹ̀ nínú oko lẹ́yìn Mowe, ìyá náà sì kó ₦1,200,000 lé e nínú owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀. Nígbà tó fẹ́ kọ́lé, sọfíyọ̀ tí a pè lọ yẹ ilẹ̀ náà wò ní Abẹ́òkúta: ilẹ̀ tí ìjọba ti gbẹ́sẹ̀ lé ni. A pe olùkọ́ náà títí, fóònù rẹ̀ kò lọ mọ́. Ìyá yìí kò bá mi jà. Ó kàn ní, "Pásítọ̀, ẹ̀yin lẹ gbé máìkì lé e lọ́wọ́." Ọ̀rọ̀ náà kò tíì kúrò létí mi dòní.

Àwọn àgbà ní ẹni tó bá ní òun yóò dá aṣọ fún wa, ti ọrùn rẹ̀ là ń kọ́kọ́ wò. Òwe yìí ti gba ọ̀pọ̀ wa sílẹ̀ rí, ṣùgbọ́n ó ti fẹ́ máa tàn wá báyìí, nítorí pé aṣọ wà lọ́rùn àwọn olùkọ́ wọ̀nyí lóòótọ́. Mọ́tò wà, ilé wà. Ìbéèrè tó kù ni pé, owó ta ni wọ́n fi ra aṣọ náà? Ká ní ènìyàn 200 san ₦50,000 ní gbọ̀ngàn òtẹ́ẹ̀lì kan. ₦10,000,000 nìyẹn láàárín ọjọ́ mẹ́ta, láìra ilẹ̀, láìta ilẹ̀, láìbá ọmọ onílẹ̀ kankan fa wàhálà. Ọkùnrin náà di olówó lóòótọ́, ṣùgbọ́n sẹminá ló sọ ọ́ di olówó, kì í ṣe ilẹ̀. Ọ̀nà tí òun gbà kọ́ ló ń fi hàn wá.

Ẹ má sì rò pé ọ̀dọ̀ tiwa nìkan ni irú èyí wà. Ní Amẹ́ríkà, Donald Trump dá ohun kan sílẹ̀ ní ọdún 2005 tí wọ́n pè ní Trump University. Kì í ṣe yunifásítì rárá. Ẹ̀kọ́ òwò ilé àti ilẹ̀ ni wọ́n ń tà níbẹ̀. Ìpàdé àkọ́kọ́, ọ̀fẹ́ ni. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ta ẹ̀kọ́ ọjọ́ mẹ́ta tó jẹ́ dọ́là 1,495. Ẹni tó bá parí ìyẹn, wọn yóò sọ fún un pé èyí tó jinlẹ̀ ṣì wà níwájú, tó sì lè tó dọ́là 34,995. Wọ́n polówó pé Trump fúnra rẹ̀ ló ṣa àwọn olùkọ́. Ọ̀gá tó ń darí ibẹ̀ ló wá jẹ́rìí nígbà tí ọ̀rọ̀ di ẹjọ́ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ní oṣù November 2016, wọ́n gbà láti san mílíọ̀nù 25 dọ́là láti fi parí ẹjọ́ náà, láìgbà pé àwọn jẹ̀bi. Bákan náà ni Robert Kiyosaki, tó kọ Rich Dad Poor Dad tó jáde ní 1997, ìwé tí ọ̀pọ̀ nínú wa rà tàbí yá kà. Ní 2012, ọ̀kan nínú àwọn kọ́ńpìnnì rẹ̀ lọ kéde ní kóòtù pé òun ti wọko gbèsè, lẹ́yìn tí kóòtù ní kí ó san nǹkan bíi mílíọ̀nù 24 dọ́là fún ilé-iṣẹ́ tó ń bá a ṣètò ìpàdé. Ẹ wo ohun tí wọ́n ń jà lé lórí: owó tó ti inú sẹminá wá ni, kì í ṣe owó ilé.

Ní ọ̀dọ̀ wa níbí, ọgbọ́n mìíràn tún wà nínú rẹ̀. Bí ẹ bá parí ẹ̀kọ́ náà, wọn yóò ní ẹ ti di aṣojú. Wọn yóò fi yín sínú WhatsApp, wọn yóò fún yín ní àwòrán ilẹ̀ láti máa fi ránṣẹ́ sí àwọn ènìyàn. Bí ẹ bá ta pulọ́ọ̀tì kan, ẹ ó gba kọ́míṣọ̀n, nígbà mìíràn ìdá mẹ́wàá. Bí ẹni tí ẹ mú wọlé bá tún tà, díẹ̀ yóò tún kàn yín. Ta ni ẹ fẹ́ tà á fún? Ẹ̀gbọ́n yín ni, ẹni tí ẹ jọ ń kọrin nínú kọ́yà ni, ẹni tí ẹ jọ wà nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù níbi iṣẹ́ ni. Ẹ jẹ́ kí a pe nǹkan ní orúkọ rẹ̀: ìgbàgbọ́ tí àwọn ènìyàn ní nínú yín ni ọjà tí wọ́n ń tà. Ìdí nìyí tí wọ́n fi fẹ́ràn pásítọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Wọn yóò sì sọ pé ilẹ̀ kì í relẹ̀. Òtítọ́ díẹ̀ wà nínú ìyẹn. Láti ìgbà tí wọ́n ti ṣí ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn ní 1978 ni Èkó ti ń tú jáde sọ́dọ̀ wa, àwọn kámpù ìjọ ńláńlá sì tún fa èrò wá. Rélùwéè tuntun tí wọ́n ṣí ní June 2021 gba Kàjọlà kọjá ní ìjọba ìbílẹ̀ Ifo. Ṣùgbọ́n ẹ fara balẹ̀ ṣírò rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ June 2023, dọ́là kan jẹ́ nǹkan bíi ₦460 lọ́wọ́ ìjọba; nígbà tí 2024 fi parí, ó ti lé ní ₦1,500. Ẹni tó fi ₦1,000,000 ra ilẹ̀ nígbà náà, bíi dọ́là 2,170 ló kó kalẹ̀. Bí ó bá tà á ní ₦2,000,000 ní ìparí 2024, bíi dọ́là 1,300 ló gbà. Olùkọ́ yóò ní kí ó wá jẹ́rìí níwájú èrò pé owó òun di ìlọ́po méjì. Náírà ló ṣubú, ilẹ̀ kò gun òkè. Ẹ tún wo ìwọ̀n rẹ̀. Pulọ́ọ̀tì tí a mọ̀ láyé àtijọ́, ẹsẹ̀ bàtà 60 sí 120 ni, bíi mítà 669 níbùú lóròó. Ọ̀pọ̀ ẹ́sítéètì ń ta mítà 300 báyìí, wọ́n sì ń pè é ní pulọ́ọ̀tì kan. Kò tó ìdajì.

Kí ni a ó wá ṣe? Ṣé kí a má kọ́ nǹkan kan ni? Rárá o. Àìmọ̀ ló ń pa wá. Mo mọ àwọn lọ́yà àti sọfíyọ̀ tí wọ́n ń gba owó díẹ̀ tí wọ́n sì ń kọ́ ènìyàn ní ohun tó ṣe é lò. Nítorí náà, ẹ fi ìbéèrè mẹ́rin yìí yẹ olùkọ́ wò kí ẹ tó tú àpò.

Èkínní, ibo ni owó rẹ̀ ti ń wá? Kí ó fi ilẹ̀ kan tó rà tó sì tà hàn yín, pẹ̀lú ìwé rẹ̀. Bí kò bá ní ju fọ́tò àti ẹ̀rí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ, ẹ máa lọ sílé.

Èkejì, ṣé yóò kọ́ yín bí a ṣe ń kọ ilẹ̀ tí kò dára? Ẹ̀kọ́ tó tó owó rẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣàlàyé pé òfin ilẹ̀ ti 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ Gómìnà, àti ìdí tí títa ilẹ̀ fi nílò àṣẹ rẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ sọ fún yín pé tí kì í bá ṣe olórí ẹbí pẹ̀lú àwọn àgbà ìdílé ló jọ ta ilẹ̀ ẹbí, kóòtù lè fagi lé títà náà. Ó gbọ́dọ̀ kọ́ yín láti gba nọ́ńbà ilẹ̀ lọ sí ọ́fíìsì ìjọba ní Òkè-Mọ́sàn, Abẹ́òkúta, kí sọfíyọ̀ tó forúkọ sílẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ìjọba ti gbẹ́sẹ̀ lé e. Bí wọ́n bá ti yẹ ilẹ̀ ìyá wa yẹn wò kó tó sanwó, ìbànújẹ́ yẹn kò bá má wọlé.

Ẹ̀kẹta, ṣé ilẹ̀ wà tí wọ́n fẹ́ tà fún yín ní ọjọ́ tó kẹ́yìn? Bí ó bá wà, kì í ṣe kíláàsì lẹ wà, ọjà ni. Kò sí ẹni tó ń ta ẹja tí yóò kọ́ yín bí a ṣe ń mọ ẹja tó ti bàjẹ́.

Ẹ̀kẹrin, ṣé ó ṣèlérí èrè tí kò lè yẹ̀? Ẹni tó bá ní kí ẹ kó owó wá kí òun fi ṣòwò ilé, kí òun sì máa san iye kan pàtó fún yín lóṣooṣù, ẹ rántí MMM tó ti ìlẹ̀kùn mọ́ àwọn ènìyàn ní December 2016, lẹ́yìn tó ti ṣèlérí èrè 30 nínú ọgọ́rùn-ún lóṣù. Òfin tuntun tí wọ́n fọwọ́ sí ní March 2025 ti fi ẹ̀wọ̀n ọdún 10, tàbí owó ìtanràn tí kò dín ní ₦20,000,000, tàbí méjèèjì, lélẹ̀ fún irú òwò bẹ́ẹ̀.

Ẹ tún wò ó báyìí. Ní poli, ọdún méjì ni wọ́n fi ń kọ́ Estate Management fún OND, ọdún méjì mìíràn fún HND, lẹ́yìn ìyẹn ni ìdánwò àwọn tí òfin fún láṣẹ láti forúkọ ẹni sílẹ̀. Báwo ni ọjọ́ mẹ́ta ní òtẹ́ẹ̀lì yóò ṣe dípò rẹ̀?

Àwọn kan yóò ní iyèméjì mi ti pọ̀ jù, pé ìgbàgbọ́ ló ń ra ilẹ̀. Ẹ lọ ka Jeremáyà orí 32. Wòlíì ni, Ọlọ́run ló sọ fún un pé kí ó ra oko náà, síbẹ̀ ó wọn owó rẹ̀ lójú ẹlẹ́rìí, ó kọ ìwé, ó fi èdìdì dì í, ó sì ní kí wọ́n kó o sínú ìkòkò amọ̀ kí ó lè pẹ́. Bí ẹni tí Ọlọ́run bá sọ̀rọ̀ bá gba ìwé, àwa tí ó jẹ́ pátákó ló bá wa sọ̀rọ̀ ńkọ́?

Ohun kan tún wà tí sẹminá kì í sọ. Ilẹ̀ tí wọ́n ní kí a rà ní ẹ̀dínwó, ẹnìkan wà lórí rẹ̀. Ní apá Ọ̀fàdà àti nínú àwọn abúlé Ifo, bàbá àgbẹ̀ tó ń gbin ìrẹsì tàbí ẹ̀gẹ́ lè jí ní òwúrọ̀ kó bá katakata lóko rẹ̀, nítorí pé ọmọ ẹbí kan ní ìlú ti gba owó. Òfin Ìpínlẹ̀ Ògùn ti 2016 dá ẹ̀wọ̀n lé fífi ipá gba ilẹ̀, ṣùgbọ́n òfin kì í dé oko bí kò bá sí ẹni tó gbé e lọ. Ẹ̀kọ́ tó bá kọ́ wa láti jàǹfààní àìmọ̀ bàbá yẹn, bí ó tilẹ̀ mú èrè wá, ọgbà àjàrà Nábótì ló ń kọ́ wa láti gbà.

Ìdájọ́ mi nìyí. Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀kọ́ wọ̀nyí kò tó owó wọn. Ìwọ̀nba tó dára kì í pariwo, kì í ṣèlérí, kì í sì í ta ilẹ̀. Ẹni tó bá ní ₦50,000 tó fẹ́ san fún sẹminá, kí ó lọ fi san owó sọfíyọ̀ àti lọ́yà lórí ilẹ̀ kan tí ojú rẹ̀ ti rí. Ẹ̀yin pásítọ̀ ẹgbẹ́ mi, ẹ má gbé máìkì fún ọlọ́jà mọ́. Nínú ìjọ yín lónìí, lọ́yà wà, sọfíyọ̀ wà, òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì ilẹ̀ wà. Ẹ yan ọ̀sán Sátidé kan, kí wọ́n máa bá àwọn ará ka ìwé ilẹ̀ wọn lọ́fẹ̀ẹ́. Àwa ti bẹ̀rẹ̀ ní tiwa, ìyá tíṣà yẹn ló sì kọ́kọ́ máa ń dé, tó ń sọ fún àwọn ọ̀dọ́ pé, "Ẹ mú ìwé yín wá kí ẹ tó mú owó yín jáde."

Kí Olúwa fún wa ní ojú tó ń ríran. Àmín.