Kẹ̀kẹ́ Tí A Fi Ń Ṣeré, Iṣẹ́ Òòjọ́ Ẹlòmíràn Ni

Ní ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 29, oṣù Èbìbí, ọdún 2023, tí wọ́n ṣe ìbúra fún Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú, ó kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti dópin. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, lítà epo kan tí kò tó ₦200 tẹ́lẹ̀ ti di nǹkan bí ₦500. Owó ọkọ̀ fò sókè, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹsẹ̀ rìn. Inú ọ̀sẹ̀ kan náà ni ọjọ́ 3, oṣù Òkúdù bọ́ sí, ọjọ́ tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé yà sọ́tọ̀ láti ọdún 2018 fún kẹ̀kẹ́ ológeere. Ní àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta náà, àwa mẹ́rìnlá tí a jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ agunkẹ̀kẹ́ kan ní Ìbàdàn pàdé ní Mọ́níyà, nítòsí ibùdókọ̀ ojú irin Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, a sì dorí kọ Ìséyìn. Èrò mi nígbà tí a gbéra ni pé eré ìdárayá ni mo ń lọ ṣe. Ohun tí mo rí lójú ọ̀nà ló mú mi kọ ọ̀rọ̀ yìí.

Ọ̀nà Mọ́níyà sí Ìséyìn tó kìlómítà 65. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kí ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ tó tún un ṣe kò ní gbàgbé kòtò àti ẹrẹ̀ rẹ̀. Ní báyìí, ọ̀dà rẹ̀ ń dán, oko ẹ̀gẹ́ àti ti àgbàdo wà lápá ọ̀tún àti lápá òsì, òórùn ilẹ̀ tí òjò òru rin sì gba gbogbo ojú ọ̀nà. Ẹni tó ń wa mọ́tò kò lè gbọ́ òórùn yìí, bẹ́ẹ̀ ni kò lè gbọ́ ohùn ẹni tó ń kí i láti inú oko.

Ẹni tí kò bá gun kẹ̀kẹ́ nínú ẹgbẹ́ rí lè rò pé olúkúlùkù ló ń dá tirẹ̀ gùn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Méjì méjì la tò. Ẹni tó wà níwájú ló ń la afẹ́fẹ́, èyí tó ń mú ìrọ̀rùn bá àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Bó bá rẹ̀ ẹ́, a yà sí ẹ̀gbẹ́, a fà sẹ́yìn, ẹlòmíràn a sì bọ́ síwájú. Bí aṣíwájú bá rí kòtò, a nàka sí i, ẹni tó tẹ̀ lé e náà a ṣe bẹ́ẹ̀, títí ìkìlọ̀ yóò fi dé ọ̀dọ̀ ẹni ìkẹyìn. Ọ̀kan nínú àwọn tó mọ̀ ọ́n gùn jù ló ń kẹ́yìn, kí a má baà fi ẹni tó rẹ̀ sílẹ̀ sójú ọ̀nà. Ọkọ̀ kan tó ń tan iná ìkìlọ̀ sì ń tẹ̀ lé wa. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.

A dúró jẹ ẹ̀kọ àti àkàrà ní Ìjàyè, ìlú Kúrunmí, tí ogun ọdún 1860 sí 1862 tú ká. Ìyá alákàrà wò wá láti orí dé ẹsẹ̀, ó ní, “Ṣé epo ti wọ́n débi tí ẹ̀yin ọlọ́lá náà fi ń gun kẹ̀kẹ́ ni?” A rẹ́rìn-ín, a sanwó, a tẹ̀ síwájú.

Nígbà tí a ń sún mọ́ odò Ògùn, táyà ọ̀kan nínú wa jò. A ti lo túùbù méjì tí a mú dání tán. Ibẹ̀ la dúró sí tí bàbá àgbẹ̀ kan fi dé lórí kẹ̀kẹ́ Ràlẹ̀ àtijọ́, àpò ẹ̀gẹ́ kan wà lẹ́yìn rẹ̀, àdá sì wà lábẹ́ àpò náà. A kí i pé, “Ẹ kú oko o, Bàbá.” Ó dáhùn pé, “Ẹ kú ìrìn o, ẹ̀yin ọmọ mi. Kí ló dé?” Kò dúró gbọ́ àlàyé tán tó fi sọ kalẹ̀, tó yọ rọ́bà àti gọ́ọ̀mù láti inú àpò kékeré kan, tó ha ojú ibi tó jò, tó sì lẹ̀ ẹ́ pa. Owó kẹ̀kẹ́ wa kan lè ra irú tirẹ̀ bíi mẹ́wàá, ṣùgbọ́n bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà.

Mo bi í bóyá ẹ̀rù ọkọ̀ kì í bà á. Ìdáhùn rẹ̀ kò tíì kúrò lọ́kàn mi. Ó ní, “Nígbà tí ọ̀nà yìí burú, ọkọ̀ ń rọra. Ìgbà tí wọ́n tún un ṣe tán ni ẹ̀rù bẹ̀rẹ̀ sí í bà mí. Bí mo bá ti gbọ́ ìró tírélà lẹ́yìn, inú igbó ni mo ń wọ́ kẹ̀kẹ́ mi lọ. Ẹ̀yin pọ̀, ẹ sì ní ẹ̀ṣọ́. Èmi nìkan ni mo ń lọ ní tèmi.” Ó fi kún un pé owó tábà lòun fi ra kẹ̀kẹ́ náà, òun sì fẹ́ kí ọmọ ọmọ òun máa gùn ún lọ sílé ẹ̀kọ́, ṣùgbọ́n ọmọ náà kọ̀, ó ní àwọn ẹgbẹ́ òun yóò fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹsẹ̀ ni ọmọ náà fi ń rìn.

Ohun méjì ni bàbá yìí kó lé wa lọ́wọ́: ìtìjú àti ewu. Ní ti ìtìjú, bí èmi bá dé akoto, tí mo wọ aṣọ aláràbarà, tí mo gun kẹ̀kẹ́, wọ́n á ní ọ̀làjú ni mí, mo ń tọ́jú ara mi. Bí àgbẹ̀ bá gùn ún pẹ̀lú àpò ẹ̀gẹ́, wọ́n á ní ìṣẹ́ ló ń ṣẹ́ ẹ. Kò rí bẹ́ẹ̀ láyé àwọn bàbá wa. Tísà, akọ̀wé àti oníṣòwò ló ń gun Ràlẹ̀ nígbà náà, ẹni tó ní in a sì máa nù ún bí ẹni nu dígí.

Ní ti ewu, ẹ jẹ́ kí a wo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí Ràlẹ̀ ti wá. Ọdún 1878 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ àwọn arìnrìn-àjò oníkẹ̀kẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀. Ní ọdún 1886, kí mọ́tò tó gbòde, àwọn oníkẹ̀kẹ́ ló kóra jọ tí wọ́n ń jà fún àtúnṣe ọ̀nà. Àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́ fún ìgbádùn lo ohùn wọn, gbogbo ènìyàn sì jàǹfààní rẹ̀. Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2022, wọ́n tún ìwé ìlànà ojú pópó wọn ṣe níbẹ̀: awakọ̀ tó bá fẹ́ ya oníkẹ̀kẹ́ sílẹ̀ ní láti fi àyè mítà kan àbọ̀ sílẹ̀, ó kéré tán, bó bá sì ń sáré púpọ̀, kí ó fi jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n sọ ọ́ kedere pé ẹni tí ohun ìrìnnà rẹ̀ lè ṣe ìpalára jù, òun ni ojúṣe ìṣọ́ra rẹ̀ pọ̀ jù. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àjèjì sí wa. Àgbà kì í wà lọ́jà, kí orí ọmọ tuntun wọ́. Tírélà ni àgbà ojú ọ̀nà.

Àwọn kan yóò sọ pé oòrùn wa mú, òkè wa pọ̀, kẹ̀kẹ́ kò sì yẹ lójú ọ̀nà márosẹ̀. N kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni ta mọ́tò rẹ̀. Ṣùgbọ́n láti oko bàbá yẹn dé ọjà, ọ̀nà mìíràn kò sí. Kí epo tó wọ́n ló ti ń gun kẹ̀kẹ́, yóò sì máa gùn ún lẹ́yìn tí a bá ti gbàgbé ọ̀sẹ̀ yìí. Bí ọ̀nà tuntun bá lé e wọ igbó, ta ni a ṣe ọ̀nà náà fún?

Nítorí náà, nígbàkúùgbà tí ìjọba bá ń la ọ̀nà ìgbèríko, kí wọ́n da ọ̀dà sí etí rẹ̀ ní fífẹ̀ tó gba kẹ̀kẹ́ àti ẹlẹ́sẹ̀. Kí wọ́n fi òfin dé eré àsápajúdé ní gbogbo ibi tí ọ̀nà bá ti gba àárín abúlé kọjá, kí wọ́n sì sọ ìwọ̀n àyè tó yẹ kí awakọ̀ fún oníkẹ̀kẹ́. Kí ẹ̀yin olùkọ́ má ṣe jẹ́ kí ọmọ kan fi ọmọ mìíràn ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí kẹ̀kẹ́ bàbá rẹ̀. Àwa ẹgbẹ́ agunkẹ̀kẹ́ ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù, nítorí àwa ni ìjọba lè tètè gbọ́ ohùn wa. Kò yẹ kí a gba ojú ọ̀nà kọjá lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, kí a ya fọ́tò, kí a sì gbàgbé ẹni tó ń gbà á lójoojúmọ́.

A dé Ìséyìn ní ọ̀sán, a jẹ àmàlà, ara sì tù wá. Ṣùgbọ́n kí a tó fi ibi odò yẹn sílẹ̀ ni mo ti rí ohun tí mo ń sọ. Bàbá dágbére fún wa, ó gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Kò tíì rìn jìnnà tí ọkọ̀ àjàgbé kan fi fọn fèrè lẹ́yìn. Awakọ̀ náà rọra nígbà tó rí wa, ó yà fún wa. Nígbà tó kọjá wa tán, ó tún ki eré mọ́lẹ̀. Lókèèrè, mo rí bàbá tó sọ̀ kalẹ̀, tó ń wọ́ kẹ̀kẹ́ rẹ̀ wọ inú koríko.