Bíréèkì Kò Dá Ẹrù Dúró

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí kì í ṣe ti ìdánwò, kì í sì í ṣe ti ìwé ìgbélùú. Ọ̀rọ̀ ẹrù ni, èyí tí a ń kó sẹ́yìn jíìpù láti Moabit lọ sí èbúté Hamburg.

Gbogbo wa la mọ bó ṣe ń rí. Ẹnì kan ra jíìpù àlòkù tí ó fẹ́ fi ránṣẹ́ sílé. Bí ìròyìn bá ti tàn dé Turmstraße àti Beusselstraße pé ọkọ̀ ojú omi fẹ́ ṣí, kálukú a gbé tirẹ̀ dé: fíríìjì, táyà, tẹlifíṣọ̀n, àpò aṣọ, páálí ìwé, ẹ̀rọ ìránṣọ tí ẹnì kan rà fún ìyá rẹ̀. A ó tẹ ìdajì ìjókòó ẹ̀yìn sílẹ̀, a ó to ẹrù kan òrùlé, ẹni méjì a jókòó síwájú, ẹni kẹta a há mọ́ ẹ̀gbẹ́ ẹrù, ó di ojú títì A24. Ìrìn nǹkan bí 290 kìlómítà ni. Àwọn mìíràn a sì tún yà sí Billstraße ní Hamburg, níbi tí wọ́n ti ń ta ọjà àlòkù tó ń lọ sí Áfíríkà, láti ra díẹ̀ kún un.

N kò lòdì sí ìrìn àjò náà o. Ta ni kì í rántí ilé? Ohun tí mo lòdì sí ni pé láàárín òkìtì ẹrù yẹn àti orí àwọn ènìyàn inú ọkọ̀, kò sí nǹkan kan. Èrò mi, mo sì sọ ọ́ láìfi bò, ni pé jíìpù tí kò bá ní irin ìdènà ẹrù, kí ẹnikẹ́ni nínú wa má ṣe kó ẹrù àti ènìyàn sí i pọ̀.

Kí ló dé tí mo fi mú jíìpù? Ọkọ̀ kékeré tó ní búùtù ń gbé ẹrù rẹ̀ sínú àpótí tirẹ̀, irin sì máa ń wà láàárín. Yàrá kan ṣoṣo ni inú jíìpù, láti ẹsẹ̀ awakọ̀ títí dé ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Ẹrù tí a bá tò ga ju ìjókòó lọ, ìpàkọ́ ènìyàn ló kọjú sí.

Àwọn tó ń kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ní Technische Universität, lódì kejì odò Spree, kò nílò àlàyé mi, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fún àwa yòókù. Bí ọkọ̀ bá ń sá eré 50 kìlómítà ní wákàtí kan tí ó sì lọ kọlu nǹkan, ọkọ̀ á dúró, ẹrù kò ní dúró. Eré 50 náà ni ẹrù ṣì ń sá. Eré yẹn bá ti ohun tó já bọ́ láti òkè nǹkan bíi mítà 10 dọ́gba. Ẹ lọ dúró ní àgbàlá ọ̀kan nínú àwọn ilé àtijọ́ Moabit, kí ẹ gbójú sókè wo fèrèsé àjà kẹta, kí ẹ wá rò ó pé ẹnì kan ju àpò ìrẹsì oníkílò 25 lé yín lórí láti ibẹ̀. Ti fíríìjì kò ṣe é fẹnu sọ. Bí eré bá wá di 100, agbára rẹ̀ kì í di ìlọ́po méjì, ìlọ́po mẹ́rin ló ń dà: òkè náà á di nǹkan bíi mítà 39. Bẹ́ẹ̀, lórí Autobahn, eré àwọn tí kò kánjú ni 100.

Àwọn kan á ní, “Ẹ̀yìn ìjókòó á dá a dúró.” Ìlànà àgbáyé kan wà, tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 17 nínú àwọn ìlànà ọkọ̀ ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, tí wọ́n fi ń dán ẹ̀yìn ìjókòó wò bóyá ó lè dá ẹrù dúró. Àpótí méjì ni wọ́n fi ń dán an wò, ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ kílò 18. Àròpọ̀ rẹ̀ kò ju kílò 36. Táyà jíìpù kan ṣoṣo pẹ̀lú irin rẹ̀ lè súnmọ́ kílò 30, a sì ń kó mẹ́rin, a ń kó mẹ́jọ. Ìjókòó tí a ti tẹ̀ sílẹ̀ ńkọ́? Ibùsùn ẹrù ni ìyẹn ti dà, kò dá nǹkankan dúró mọ́.

Àwọn mìíràn á ní àwọn ti ní àwọ̀n. Ẹ jẹ́ ká yà á sọ́tọ̀. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí a kàn fún mọ́ àárín òrùlé àti ilẹ̀ ọkọ̀, tí kò ní bóòtù kankan, ajá ni wọ́n ṣe é fún, kí ajá má baà fò wá síwájú. Lọ́jọ́ tí ọ̀ràn bá dé, òun àti ẹrù ni yóò jọ máa bọ̀. Irin ìdènà tí mo ń sọ ni èyí tí a fi bóòtù dè mọ́ ara ọkọ̀.

Ọ̀pọ̀ jíìpù ni àwọn tó ṣe é ti fi ihò bóòtù sí fún un, lókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ òrùlé àti nísàlẹ̀, tí wọ́n sì fi ọ̀rá bo ojú rẹ̀. Nínú àwọn mìíràn, ihò náà wà níbi méjì: ẹ̀yìn ìjókòó ẹ̀yìn àti ẹ̀yìn ìjókòó iwájú. Ẹni tó bá tẹ gbogbo ìjókòó ẹ̀yìn sílẹ̀ gbọ́dọ̀ gbé irin rẹ̀ wá sí ẹ̀yìn ìjókòó iwájú. Ẹni tó bá sì ń kó ènìyàn sẹ́yìn, kí ó fi ìjókòó sílẹ̀ ní ìdúró, kí irin wà lẹ́yìn ìpàkọ́ wọn. Ti ìdajì-ìdajì tí a ń ṣe yẹn, tí ẹni kẹta ń fi èjìká ti fíríìjì, kò sí irin tó lè gbà á sílẹ̀.

Bí kò bá sí ihò láti ilé iṣẹ́, ẹ má ṣe lù ú fúnra yín. Táǹkì epo àti páìpù bíréèkì lè wà lábẹ́ ilẹ̀ ọkọ̀, àpò afẹ́fẹ́ tí ń dáàbò bo orí sì wà ní etí òrùlé nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ìsinsìnyí. Ara ọkọ̀ tínrín. Bí a kò bá fi irin pẹlẹbẹ tì í lẹ́yìn, bóòtù á fà á ya bí ìwé. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó mọ̀ ọ́n, kí ẹ sì béèrè lọ́wọ́ TÜV kí ẹ tó ná owó. Ti wẹ́dà ojú pópó tó fẹ́ fi ìgànnákù irin jó ọ̀kan fún yín, ẹ rọra o. Irin tó bá já níbi tí wọ́n ti jó o pọ̀ ti di ọ̀kọ̀ nìyẹn.

Owó ńkọ́? Mo mọ̀ pé akẹ́kọ̀ọ́ ni wá. Tuntun wọ́n. Ṣùgbọ́n ní àwọn ọgbà tí wọ́n ti ń tú ọkọ̀ àlòkù, Autoverwertung, a lè rí irin tí wọ́n yọ lára jíìpù irú tiwa gan-an. Kí ó má ti wọ́, kí bóòtù rẹ̀ pé, kí ó sì jẹ́ ti irú ọkọ̀ kan náà. Ẹni tó lówó láti ra jíìpù kò yẹ kí ó sọ pé òun kò rí owó irin.

Irin nìkan kò tó ṣá. Ohun tó wúwo ni kí a kọ́kọ́ gbé, nísàlẹ̀, kí ó fara ti irin pẹ́kípẹ́kí láìsí àlàfo, kí a sì fi okùn pẹlẹbẹ onírin dè é mọ́ àwọn òrùka ilẹ̀ ọkọ̀. Ẹ tún ṣí Fahrzeugschein yín wò: ẹ yọ iye tó wà ní G kúrò nínú èyí tó wà ní F.2, ohun tó kù ni ẹrù tí ọkọ̀ lè gbé. Bí F.2 bá jẹ́ 2800 tí G sì jẹ́ 2200, kílò 600 ni. A ti ka awakọ̀ mọ́ G ní kílò 75, ṣùgbọ́n àwọn èrò yòókù, inú 600 yẹn ni wọ́n wà.

Òfin kò sì dákẹ́. StVO abala 22 ní kí a di ẹrù tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi ní yẹ̀ tàbí ṣubú, bí a tilẹ̀ tẹ bíréèkì tẹ̀ ẹ́ kanlẹ̀. Ti ọmọdé tí àwọn kan ń gbé sórí ibùsùn láàárín ẹrù, n kò mọ bí ẹni tó bí i ṣe ń rójú sùn. Ní Jámánì, ọmọ tí kò tíì pé 12 ọdún tí kò sì ga tó sẹ̀ǹtímítà 150 gbọ́dọ̀ wà nínú ìjókòó ọmọdé.

Àwọn kan ní, “Títà ni a fẹ́ ta ọkọ̀ náà, kí la fẹ́ fi irin ṣe?” Ẹni tó máa rà á ńkọ́? Ilé gan-an ni irin yìí ti wúlò jù. Ọjọ́ tí Tòkunbọ̀ bá jáde ní Tin Can ni ẹrù rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Àwọn àgbà rántí Píjó 504 onísitéṣọ̀n, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò pọ̀ ní Kàdúná ní 1975: iṣu àti gaàrí á wà lẹ́yìn ọrùn èrò tó jókòó sí ìlà ìkẹyìn, a ó sì máa kọrin lọ sí Ìbàdàn. Ní 1988 tí ìjọba dá àjọ FRSC sílẹ̀, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká ṣe alága rẹ̀ àkọ́kọ́, eré àsápajúdé àti ẹ̀mí tó ń ṣòfò lójú pópó ló mú un wá. Àgbàrá òjò kò ní òun kò ní í wólé, onílé ni kò ní í gbà fún un. Nítorí náà, kí a má ṣe yọ irin kúrò nítorí kí àyè ẹrù lè pọ̀ sí i nínú ọkọ̀ ojú omi.

Mo fẹ́ kí akọ̀wé fi ọ̀rọ̀ yìí sí ìwé ìpàdé wa tó ń bọ̀, kí a dìbò lé e: pé ẹgbẹ́ yóò ra okùn ìdẹrù mẹ́jọ tí ọmọ ẹgbẹ́ lè yá, àti pé orúkọ jíìpù tí kò ní irin ìdènà kò ní jáde nínú ìwé yìí mọ́ nígbà tí a bá ń kéde ẹni tó ń lọ sí Hamburg. Ẹni tí kò bá fara mọ́ ọn, kí ó wá sọ tẹnu rẹ̀ níbẹ̀, àyè wà.