Ẹ Fún Ọmọ Ní Àlùmọ́gàjí, Kí Ó Kà Á Fúnra Rẹ̀

Ọdún 33 gbáko ni àwọn ìwé ẹ̀kọ́ fi kọ́ ọmọ aráyé ní ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀ nípa ara rẹ̀. Ní 1923 ni Theophilus Painter, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ará Amẹ́ríkà, kọ ọ́ pé kúrómósómù 48 ni ó wà nínú sẹ́ẹ̀lì ènìyàn. Kúrómósómù ni àwọn fọ́nrán tín-ín-rín tí ó gbé àbùdá tí òbí ń fi lé ọmọ lọ́wọ́. Àwọn mìíràn tún un kà lẹ́yìn rẹ̀, iye kan náà ni wọ́n sì rí, bóyá nítorí pé òun ni wọ́n ti ń retí.

Ní ìparí 1955, ní ìlú Lund ní ilẹ̀ Sweden, Joe Hin Tjio kà wọ́n, 46 ni ó bá. Òun àti Albert Levan tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1956, orúkọ Tjio ni ó sì ṣíwájú. Erékùṣù Java ni a bí i sí, nígbà tí àwọn Òyìnbó Hóláǹdì ń jọba lé ilẹ̀ náà lórí. A kò lè ṣàì yọ̀ pé ọmọ ilẹ̀ tí wọ́n ń sìn ni ó tún ìwé àwọn ọ̀gá ṣe.

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, kí ni ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama wa mọ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí? Ó ń ké 46 bí odídẹrẹ́, nítorí pé ó ti wà lójú pátákó, ìdánwò sì ń bọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀kọ́ náà kò gba máíkírósíkóòpù. Ẹ tẹ àwòrán kúrómósómù tí ó fọ́n káàkiri sórí bébà, kí ẹ fún àwọn ọmọ ní àlùmọ́gàjí àti gọ́ọ̀mù. Kí wọ́n gé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n wo gígùn wọn àti ibi tí ìbàdí wọn ti fún, kí wọ́n so ìkejì mọ́ ìkejì, kí wọ́n sì tò wọ́n láti orí èyí tí ó gùn jù lọ. Méjì-méjì ọ̀nà 22 yóò pé. Èyí tí ó kù ni ó ń yàtọ̀: X méjì ni ti obìnrin, X kan àti Y kékeré kan ni ti ọkùnrin. Àwòrán tí a tò báyìí ni wọ́n ń pè ní káríótáìpù.

Ọmọ tí ó bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ lẹ̀ ẹ́ mọ́ bébà yóò rí i pé ìyá kò ní Y kankan láti fún ọmọ. Mélòó ni ìyàwó tí ó bí obìnrin mẹ́rin léra wọn, tí ìyá ọkọ ń yínmú sí, tí wọ́n sì ń fẹ́ òmíràn lé lórí? Ṣùgbọ́n kí olùkọ́ má ṣe gbé ẹ̀bi náà fún bàbá, nítorí òun náà kì í yan èyí tí yóò lọ.

Ẹ tún fún wọn ní àwòrán kejì, èyí tí ìkọkànlélógún rẹ̀ jẹ́ mẹ́ta. Iye rẹ̀ yóò di 47. Ní 1959 ni Jérôme Lejeune, Marthe Gautier àti Raymond Turpin tẹ ìròyìn rẹ̀ jáde ní ilẹ̀ Faransé, pé òun ni ó wà nídìí ohun tí àwọn dókítà ń pè ní Down syndrome. Ìpín ni kò dọ́gba nígbà tí ẹyin tàbí àtọ̀ ń dá. Kì í ṣe èpè, kì í ṣe ohun tí aboyún jẹ. Síbẹ̀ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ṣì wà tí a ń fi pamọ́ sí yàrá ẹ̀yìn. Kí olùkọ́ rọra sọ ọ́ o: àbúrò ọ̀kan nínú wọn lè jókòó níwájú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ AA, AS àti SS kò hàn nínú àwòrán yìí. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ni ó ń fi í hàn. A rí i pé ọ̀pọ̀ ń pa méjèèjì pọ̀.

Ohun tí a ń bèèrè lọ́wọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ kò wọ́n. Kí wọ́n tẹ àwòrán méjèèjì yìí, kí àlàyé rẹ̀ wà ní èdè tí ọmọ náà lè fi ṣe é fún ìyá rẹ̀ nílé, kí wọ́n sì fi ránṣẹ́ kí sáà tí ń bọ̀ tó wọlé.